Bí A Ṣe Lè Lo Ẹ̀rọ Oníkọ̀ǹpútà Pẹ̀lú Iṣẹ́ Ọwọ́ Níbi Ìkọ́ṣẹ́ Ọnà ní Ilẹ̀ Òkun

Níbi ìkọ́ṣẹ́ ọnà tí a ti ń lo ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, ọwọ́ ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọwọ́ náà ni ó sì yẹ kí ó parí rẹ̀. Àárín ni àyè ẹ̀rọ wà. Orí ìlànà yìí ni mo gbé ìtọ́sọ́nà yìí kà. Mo kọ ọ́ fún àwọn tí ń kó ọ̀dọ́ jọ láti kọ́ṣẹ́ ní Kabba, Ìsánlú, Mopa, Ẹ̀gbẹ̀, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ àti àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ìwọ̀-oòrùn Kogi, níbi tí ìyá tó mọ aṣọ hun àti bàbá tó mọ igi gbẹ́ ṣì wà láàárín wa, tí àwọn ọmọ wa sì ti mọ kọ̀ǹpútà lò. Iṣẹ́ méjì ni a ó mú ṣe àpẹẹrẹ: pákó ọlọ́nà gbígbẹ́, àti aṣọ híhun lórí òfì ìnàró tí àwọn obìnrin ń lò. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ kàn: CNC, tí ń fi irin tó ń yí gbẹ́ igi, lésà, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbígbóná gé ohun pẹlẹbẹ, àti ẹ̀rọ 3D, tí ń fi ike yíyọ́ mọ nǹkan ní ìpele-ìpele.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ kí ẹ tó wá ẹ̀rọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kọ́kọ́ wá owó ẹ̀rọ, wọn á gbé e kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn á tó máa wá iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ẹ yí i padà. Ẹ lọ bá ìyá ahunṣọ àti bàbá agbẹ́gilére ní ilé wọn, ẹ kí wọn bó ti yẹ, ẹ jókòó tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè apá ibi tí iṣẹ́ náà ti ń gba agbára ju èrè tí wọ́n ń rí níbẹ̀ lọ. Bàbá lè sọ pé gígé ìtì igi mọ́lẹ̀ ni eegun òun kò gbà mọ́. Ìyá lè sọ pé apàsà tó dára, igi tí a fi ń lu òwú mọ́lẹ̀ lórí òfì, ni òun ń wá tí òun kò rí ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ fún òun. Ibi tí wọ́n bá tọ́ka sí ni ibi tí ẹ̀rọ yóò ti wúlò. Ibi tí wọ́n bá sì ti ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Owó tí ẹ óò san fún àgbà yìí lóòjọ́ kò gbọdọ̀ kéré sí ti ọ̀dọ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà. Mo rò pé èyí ṣe pàtàkì ju irú ẹ̀rọ tí ẹ óò rà lọ, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wo ẹni tí a ń bu ọlá fún, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀ sí.

Ẹ gba àṣẹ pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ọnà ni a lè gbé sínú kọ̀ǹpútà. Ní ilẹ̀ Bùnú, tó wà nínú ilẹ̀ Òkun, aṣọ pupa tí a ń pè ní aṣọ ìpò jẹ́ aṣọ tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú fún àwọn ẹni ńlá; ẹni tó bá ya ọnà ara rẹ̀, tí ó fi lésà gé e sára ohun ìfikọ́ kọ́kọ́rọ́ láti tà ní ọjà, ti sọ ohun ọ̀wọ̀ àwọn olóòkú di ohun ìṣeré. Bákan náà ni ti àwọn ohun tó jẹ mọ́ egúngún, èyí tí obìnrin tàbí ẹni tí kò tíì wọ awo kò gbọdọ̀ fojú kàn ní ìlú púpọ̀. Ẹ bi àwọn àgbà ìlú ní gbangba, ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ kejì: Iná àti ibi iṣẹ́

Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, CNC kò ní mọ ibi tí ó wà mọ́. Ẹ fi sólà pẹ̀lú ínfátà àti bátìrì gbé kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ró bí agbára yín bá gbé e. Bí kò bá sì gbé e, ẹ kan igi méjì mọ́ orí tábìlì ẹ̀rọ ní igun kan, kí pákó máa fi ara ti igun yẹn nígbà gbogbo, kí ibẹ̀ sì jẹ́ ojú òdo yín, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Nígbà tí iná bá padà dé, ẹ óò lè dá ẹ̀rọ padà sí ojú òdo yẹn gan-an, kí iṣẹ́ máa bá a lọ láìba pákó jẹ́. Ẹni tó bá ní lésà onígíláàsì (CO2) tí omi ń mú tutù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé omi rẹ̀ kò yẹ kí ó gbóná ju 25°C lọ. Nínú oṣù kẹta ní Lokoja tàbí Kabba, omi inú garawa lásán kì í dúró síbẹ̀, nítorí náà kí ẹ máa sọ ike omi dídì sínú garawa náà, kí ẹ sì máa pàrọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Igi

Ibí yìí ni ìjà àkọ́kọ́ láàárín ọwọ́ àti ẹ̀rọ wà, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ sọ ọ́. Agbẹ́gilére àtijọ́ fẹ́ràn igi tútù, nítorí pé àáké ń wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́, igi kò sì ní tètè sán. CNC kò fẹ́ igi tútù rárá: irin rẹ̀ a máa fa okùn igi jáde dípò kí ó gé e, èérún igi tútù a di mọ́ ọn lẹ́nu, pákó tí ẹ gé pẹlẹbẹ lónìí á sì ti tẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀nà tí ó bá àwọn méjèèjì lára mu ni pé kí bàbá yan igi, kí ó la á, kí ó sì bó o nígbà tó ṣì tutù, gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ̀ ọ́n. Kí ẹ wá fi ọ̀dà kun orí méjèèjì pákó, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde tí ó fi ń sán, kí ẹ sì tò wọ́n sábẹ́ òrùlé, kúrò nílẹ̀, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè kọjá. Ẹ máa wọn ọ̀kan nínú wọn lórí òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwúwo rẹ̀ sí ara rẹ̀. Nígbà tí ìwúwo náà kò bá lọ sílẹ̀ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra, ó ti gbẹ tó. Ọyẹ́ á mú kí ó yá. Òjò á fà á sẹ́yìn.

Ọ̀mọ̀ dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, nítorí ó rọ̀, kò sì ń tètè sán. Arère rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọnà tó kéré kì í dúró lára rẹ̀. Apá le, ó sì lẹ́wà. Ìrókò ni kí ẹ ṣọ́ra fún: òkúta kan wà tí ó máa ń dì sínú igi yìí, ó funfun bí ẹfun, ó sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè ba ẹnu irin CNC jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ tó gbé pákó ìrókò sórí ẹ̀rọ, ẹ fi ìfági fá ojú méjèèjì rẹ̀, kí etí yín sì wà níbẹ̀. Bí ìfági bá ké lójijì, ẹ fi ìṣó gún ibẹ̀ wò, kí ẹ sì gé ibẹ̀ dànù bí ẹ bá bá òkúta. Ìyẹ̀fun ìrókò tún máa ń yọ ènìyàn lẹ́nu ní imú, ní àyà àti ní awọ ara, nítorí náà ìbomú tó dára kì í ṣe ohun tí a ń jiyàn lé lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Yíya ọnà

Èédú tàbí ẹfun ni kí àgbà fi ya ọnà sórí pátákó ńlá. Ẹ má ṣe gbé kọ̀ǹpútà sí i lọ́wọ́ nígbà yìí. Tí ó bá yà á tán, ẹ fi rúlà onísẹ̀ǹtímítà sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà, ẹ gbé fóònù sókè gan-an lórí àárín rẹ̀, kí ẹ jìnnà díẹ̀ kí etí àwòrán má baà tẹ̀, kí ẹ sì yà á. Nínú Inkscape, ètò kọ̀ǹpútà fún yíya àwòrán tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ gbé àwòrán náà wọlé, ẹ fi rúlà inú rẹ̀ ṣètò ìwọ̀n títí sẹ̀ǹtímítà 10 orí rúlà yóò fi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kálámù inú ètò náà. Ètò yìí lè tẹ̀ lé ìlà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àmì tí yóò fi sílẹ̀ á pọ̀ jù, irin ẹ̀rọ á sì máa gbọ̀n bó ṣe ń kọjá lórí wọn.

Ohun kan wà tí àwọn ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà máa ń fẹ́ ṣe níbí, èmi kò sì fara mọ́ ọn: wọn á ya apá òsì, wọn á yí i dà sí apá ọ̀tún, kí méjèèjì lè bára dọ́gba. Apá méjèèjì iṣẹ́ bàbá kì í dọ́gba bẹ́ẹ̀. Ojú kan á tóbi díẹ̀ ju ìkejì lọ, ìlà kan á tẹ̀ síwájú, ibẹ̀ sì ni ère ti ń ní ẹ̀mí. Ẹ tẹ̀ lé àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe rí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Pínpín iṣẹ́ láàárín irin ẹ̀rọ àti àáké

Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ti pín iṣẹ́ wọn sí ìpele mẹ́rin tipẹ́. Ọnà lílé ni gígé igi títí ìrísí rẹ̀ ńláńlá yóò fi hàn. Alétúnlé ni pípín ìrísí yẹn sí orí, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ohun tí ère gbé lọ́wọ́. Dídán ni mímú ojú igi jọ̀lọ̀. Fínfín sì ni gígé ọnà kéékèèké tó gbẹ̀yìn. Ìlànà yìí ni Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì-Ìlọrin, mú lọ sí ibi ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947 lábẹ́ àlùfáà Kevin Carroll, níbi tí gbajúmọ̀ agbẹ́gilére Lámidi Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń bẹ̀ wọ́n níbẹ̀, iṣẹ́ tí bàbá wọn kò gbọ́ rí, síbẹ̀ ìpele mẹ́rin yìí kò yí padà. Ẹ̀rọ tuntun kò yẹ kí ó yí i padà fún wa.

Ọnà lílé ni kí ẹ fún CNC, kí ó sì dúró ní ẹnu ọ̀nà alétúnlé. Ẹ fi mìlímítà 3 igi sílẹ̀ ní gbogbo ojú, kí ọwọ́ lè rí ohun tí yóò gbẹ́. Bíìtì, ìyẹn irin tó ń yí lẹ́nu CNC, tí ó jẹ́ mìlímítà 6, tí ẹnu rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ni ó bá iṣẹ́ yìí mu. Ẹ jẹ́ kí ó wọ igi ní mìlímítà 3 lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀mọ̀, kí ó má sì ju 2 lọ nínú apá tàbí ìrókò. Ẹ jẹ́ kí okùn igi lọ láti orí dé ẹsẹ̀ ère, kí ọrùn àti ọwọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ má baà ṣẹ́. Ẹ fi sìkúrúù de pákó mọ́ tábìlì ní ibi tí ẹ óò gé dànù nìkan, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí sìkúrúù kọ̀ọ̀kan wà nínú àwòrán orí kọ̀ǹpútà, nítorí bí bíìtì bá pàdé sìkúrúù, àfọ́kù irin yóò fò. Kí ẹ tó gé, ẹ gbé bíìtì sókè ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí ojú pákó, kí ẹ jẹ́ kí ó rin gbogbo ọ̀nà rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sì wò ó. Apá bùbá tó fẹ̀, ìborùn tó ń já, ẹ̀gbà ọrùn àti irun tí a kò dì: gbogbo rẹ̀ ni kí ó kúrò kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọwọ́ gba iṣẹ́ padà

Pákó tó bọ́ lórí CNC ní àbùkù kan tí kò ṣeé pamọ́: bíìtì mìlímítà 6 kò lè gé igun inú kan tó mú, ó máa ń fi ibi róbótó mìlímítà 3 sílẹ̀ ní gbogbo igun. Níbẹ̀ ni kí bàbá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Kí ó fi ọ̀bẹ ṣí igun kan, kí ó fi ọ̀bẹ náà lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ìkejì. Nítorí pé igi náà ti gbẹ, ọ̀bẹ á kọ̀ díẹ̀; ẹ fi aṣọ tútù pa ojú ibi tí ẹ fẹ́ gé, ẹ dúró díẹ̀ kí omi wọ̀ ọ́, ẹ óò rí i pé èérún igi á jáde gbọọrọ, kò ní ṣẹ́ wẹ́wẹ́ mọ́. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ni bàbá fi ń ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Ìka yẹn ni ó ń mọ bí ọ̀bẹ yóò ṣe rìn jìnnà tó. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ìka náà dáadáa, nítorí fídíò kì í sábà gbà á.

Fún dídán, ewé ìpín tí ó ti gbẹ díẹ̀ ṣì dára ju sáńpépà lọ níbi tó tẹ̀ tó sì kọ́lọ́, nítorí ó ń tẹ̀ mọ́ ara igi. Ẹ má fi ẹ̀rọ onínáà ha pákó náà. Ó á pa gbogbo ojú àáké rẹ́, ẹni tó bá fọwọ́ pa á kò sì ní mọ̀ bóyá ènìyàn ti fọwọ́ kàn án rí. Tí fínfín bá parí, ẹ fi òrí pa á, ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú, kí ẹ sì nu èyí tó kù kúrò.

Ìgbésẹ̀ keje: Òfì

Òfì àwọn ìyá wa dúró lóòró. A ń yí òwú po ọ̀pá òkè àti ti ìsàlẹ̀, ìyá á jókòó níwájú rẹ̀, á sì máa fi apàsà lu òwú ìdábùú mọ́lẹ̀ kí aṣọ lè fún. Apàsà ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ lè ṣe fún un. Ẹ yá èyí tí ó fẹ́ràn jù, ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ ní àárín àti ní etí, ẹ jẹ́ kí CNC gé irú rẹ̀ láti inú igi líle tó gbẹ, kí ó fi mìlímítà 2 nípọn ju ti àtijọ́ lọ. Kí ìyá wá mú un dání, kí ó máa sọ ibi tí ó ti wúwo, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń fá a. Láti mọ̀ pé etí rẹ̀ ti dán tó, ẹ fa òwú tí a kò tíì ran kọjá lára rẹ̀: bí fọ́nrán kan bá ṣẹ́kù síbẹ̀, kò tíì yá.

Yíya ọnà aṣọ sórí kọ̀ǹpútà rọrùn, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Tí ẹ bá ya ọnà sórí bébà tí àwọn ojú rẹ̀ dọ́gba, ọnà náà yóò nà tàbí kó súnkì lára aṣọ, nítorí òwú ìnàró àti òwú ìdábùú kì í pọ̀ bákan náà. Ẹ ní kí ìyá hun aṣọ díẹ̀, kí ẹ sì ka òwú inú sẹ̀ǹtímítà 1 ní ọ̀nà méjèèjì. Bí ìnàró bá jẹ́ 12, tí ìdábùú sì jẹ́ 8, kí ojú kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán yín ní fífẹ̀ 2 àti gíga 3. Nígbà náà ni ohun tí ẹ rí lórí kọ̀ǹpútà yóò bá ohun tí yóò jáde lórí òfì mu. Ẹ ṣọ́ra kí òwú ọnà má fò kọjá sẹ̀ǹtímítà 1 láìwọ aṣọ, nítorí yóò máa fi ara kọ́ nǹkan nígbà tí a bá wọ̀ ọ́. Ahunṣọ a máa tètè lóye irú àwòrán yìí, ó sì ní ìdí: nígbà tí Joseph Marie Jacquard ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, gbé òfì rẹ̀ jáde ní 1804, káàdì oníhò ni ó ń sọ fún òfì náà èwo nínú òwú ni kí ó gbé sókè, káàdì oníhò sì ni a fi ń fún àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní iṣẹ́ ṣe. Kíka òwú ni ìṣirò ahunṣọ láti ilẹ̀.

Lésà lè wá ṣe ọ̀pá atọ́nà fún ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ọnà náà. Ẹ gé plywood mìlímítà 3 tí ó gùn tó fífẹ̀ aṣọ, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ní eyín: ibi tí eyín bá ti ga, òwú ìnàró ibẹ̀ ni kí a gbé sókè. Eyín fún òwú kọ̀ọ̀kan á kéré jù, nítorí náà ẹ fi òwú mẹ́rin sí eyín kan; bí òwú bá jẹ́ 12 nínú sẹ̀ǹtímítà, eyín kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó mìlímítà 3.3. Ibi tí aṣọ ti ń di híhun ni kí ẹ ti wọn fífẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe òkè òfì, nítorí aṣọ máa ń fà wọlé bí a ṣe ń hun ún. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Etí plywood tí lésà gé máa ń dúdú. Ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ fi aṣọ tútù nù ún títí aṣọ funfun yóò fi kọjá lára rẹ̀ láìyí àwọ̀, kí ó tó súnmọ́ òwú ìyá. Lẹ́yìn ọnà díẹ̀, ìyá lè jù ọ̀pá náà sílẹ̀ kí ó máa fi ìka ka òwú rẹ̀. Ẹ má dá a dúró. Àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ ni ọ̀pá náà wà fún.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ewu lésà, àti àyè ẹ̀rọ 3D

Ẹ má fi lésà gé PVC láé, ì báà jẹ́ rọ́bà tábìlì tàbí awọ àtọwọ́dá tí ẹ kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é: èéfín tó ń jáde lára rẹ̀ ní ásíìdì tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, tó sì ń jẹ irin ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Dígí ojú gbọ́dọ̀ bá irú lésà yín mu. Èyí tó wà fún lésà aláwọ̀ búlúù, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí nanometer 450, kò wúlò fún lésà CO2, tí tirẹ̀ jẹ́ 10,600. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró tì í ní gbogbo àsìkò tó bá ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ohun ìpaná nítòsí.

Ẹ̀rọ 3D dára fún ohun ìgbà díẹ̀: àwòṣe kékeré tí bàbá lè yí lọ́wọ́ kí ó tó fọwọ́ sí i, tàbí ohun ìdìmú fún irinṣẹ́. Ike PLA tí a sábà ń lò máa ń rọ̀ ní nǹkan bí 60°C, nítorí náà ẹ má gbàgbé iṣẹ́ yín sínú mọ́tò tí wọ́n páàkì sí oòrùn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Fáìlì, orúkọ àti títà

Fáìlì tí a fi ọnà bàbá tàbí ìyá ṣe kì í ṣe ti ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Ẹ fi orúkọ ẹni tó ya ọnà àti ọjọ́ tí ó yà á pe fáìlì náà, ẹ fi ẹ̀dà kan sí orí díráìfù tí kò sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kọ àdéhùn kan tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí: iye ìgbà tí a lè tún un gé, àti iye tí yóò gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti jáde láyé, ẹ bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tún un gé. Lẹ́yìn pákó tàbí lára etí aṣọ, ẹ kọ ohun tí ẹ̀rọ ṣe àti ohun tí ọwọ́ ṣe, pẹ̀lú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti ti àgbà tó kọ́ ọ. Ẹni tó fẹ́ rà á ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ kí ó tó sanwó, iye tí ẹ bá sì dá lé e gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wákàtí tí ọwọ́ lò, kì í ṣe ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ lò.